Nígbà tí Ìwé Àyànfẹ́ Bá Di Eré Sinimá

Bí ènìyàn bá ka ìwé kan tí ìwé náà sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń gbé kiri. Ó ti fi ojú inú rí akọni ìtàn náà. Ó mọ bí ó ti ga tó, ó mọ bí ohùn rẹ̀ ti rí, ó sì mọ ọ̀nà tí ó gbà wọ inú igbó lọ, àfi bí ẹni pé òun gan-an ni ó ru àpò tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé wọn yóò sọ ìwé náà di eré sinimá, ọkàn rẹ̀ a pín sí méjì. Apá kan a máa yọ̀, nítorí pé ohun tí ó ti ń rí ní òun nìkan, gbogbo ayé yóò wá bá a rí i. Apá kejì a máa gbọ̀n, nítorí ó ń bẹ̀rù pé ojú àjèjì ni wọn yóò fi rọ́pò ojú tí òun ti mọ̀. Ìtàn àwọn ìwé àràmàǹdà, àwọn tí ó kún fún oṣó, iwin àti dírágónì, fi hàn wá pé ìrètí náà ní ìdí, ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ìwé méjì ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì láti Amẹ́ríkà, kí a lè mọ ohun tí ó yẹ kí olùfẹ́ ìwé máa bẹ̀rù ní tòótọ́.

Ẹni èkínní ni J. R. R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Oxford, ẹni tí ìwé rẹ̀ The Hobbit jáde ní ọdún 1937, tí ìtàn ńlá rẹ̀ The Lord of the Rings sì jáde ní apá mẹ́ta láàrin ọdún 1954 sí 1955. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ará Amẹ́ríkà kan fi wá bá a ní ọdún 1957 pé àwọn fẹ́ fi ìtàn náà ṣe sinimá. Kò lé wọn padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ka ètò eré tí wọ́n kọ sílẹ̀, ó kọ èsì gígùn ní ọdún 1958, ó sì to àṣìṣe wọn lẹ́sẹẹsẹ: wọ́n fi ìjà sí ibi tí kò sí ìjà, wọ́n fi idán sí ibi tí kò sí idán, wọ́n sì ń fi ẹyẹ idì gbé àwọn akọni kiri ṣáá. Ẹ kíyè sí i pé gígé ìtàn kúrú kọ́ ni ó bí bàbá yìí nínú jù. Lójú tirẹ̀, ó sàn kí a mú apá kan kúrò pátápátá ju kí a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ó di rúdurùdu. Ètò náà já sí asán. Ní ọdún 1969 ó ta ẹ̀tọ́ sinimá náà fún ilé iṣẹ́ United Artists, ó sì kú ní ọdún 1973 láìrí eré kankan.

Ní ọdún 1978 Ralph Bakshi gbé eré àwòrán kan jáde, ṣùgbọ́n àárín ìtàn ni eré náà dúró sí, apá kejì kò sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà nígbà tí ó di mímọ̀ pé Peter Jackson ará New Zealand fẹ́ ya apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀, iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1999 tí ó sì parí ní òpin ọdún 2000, ṣe ni àwọn olùfẹ́ ìwé náà ń fi ọwọ́ kan yọ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kejì nu omijé. Ìrètí wọn ga nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Alan Lee àti John Howe, àwọn ayàwòrán tí ọwọ́ wọn ti wà nínú ìwé Tolkien tipẹ́, ni a pè láti ṣètò bí ìlú àti ilé inú eré náà yóò ti rí. Ọkàn wọn sì rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Tom Bombadil kò ní sí níbẹ̀ rárá, àti pé Arwen ni yóò gun ẹṣin gbé Frodo dé odò, iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti Glorfindel nínú ìwé. Àwọn eré náà jáde ní ọdún 2001, 2002 àti 2003. Ní ọdún 2004 ẹ̀kẹta gba ẹ̀bùn Oscar 11. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti ń kùn sì gbà pé Bombadil kò sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ àti ìfaradà tí ó wà nínú ìwé náà wà nínú eré. Síbẹ̀ gbogbo ẹnu kò ṣọ̀kan. Ní ọdún 2012, Christopher ọmọ Tolkien sọ fún ìwé ìròyìn Le Monde ti ilẹ̀ Faransé pé wọ́n ti sọ iṣẹ́ bàbá òun di eré ìjà fún àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí Jackson kan náà sì fa The Hobbit, ìwé kékeré, gùn sí eré mẹ́ta láàrin ọdún 2012 sí 2014, àwọn tí ó ti yìn ín pàápàá sọ pé ọbẹ̀ àwo kan ni ó bu omi sí kí ó lè kún àwo mẹ́ta.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ nìyí: ọ̀ràn Ursula K. Le Guin, obìnrin tí a bí ní Berkeley ní ilẹ̀ California ní ọdún 1929. Ní ọdún 1968 ó gbé A Wizard of Earthsea jáde, ìtàn ọmọ oṣó kan tí ń jẹ́ Ged, nínú ayé tí ó jẹ́ kìkì erékùṣù àti òkun. Ohun mẹ́ta ni ó gbé ìwé yìí ró. Èkínní ni àwọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ged pupa rúsúrúsú bí amọ̀. Vetch ọ̀rẹ́ rẹ̀ tòótọ́ dúdú. Àwọn aláwọ̀ funfun inú ìtàn náà ni àwọn ará Karg, tí ń wa ọkọ̀ wá láti ìlà oòrùn láti kó ìlú ẹlòmíràn. Ní ìgbà náà, nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni funfun ni akọni, ẹni dúdú ni ọ̀tá tàbí ẹrú. Le Guin mọ̀ọ́mọ̀ yí i padà, kò sì pariwo: òǹkàwé a ti bá Ged rìn jìnnà kí ó tó mọ irú àwọ̀ tí ó ní.

Èkejì ni orúkọ. Ní Earthsea olúkúlùkù ní orúkọ tòótọ́ tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí ó lè fi ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́, ó sì ní orúkọ òde tí gbogbo ayé fi ń pè é. Sparrowhawk, orúkọ ẹyẹ kan tí í ṣe irú àṣá, ni ará òde ń pe ọmọ náà. Ged ni orúkọ tòótọ́. Àwa tí a mọ̀ pé orúkọ ń ro ọmọ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ẹ̀kẹta ni pé ìgbéraga Ged tú òjìji búburú kan sílẹ̀ tí ń lépa rẹ̀ káàkiri, idà kò sì lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ìgbà tí ó dojú kọ ọ́ tí ó sì pè é ní orúkọ ara rẹ̀ ni ó tó bọ́.

Ìwé yìí jìyà kí sinimá tó kàn án pàápàá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn ayàwòrán ń fi ojú ẹni funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀, òǹkọ̀wé náà sì ń jà sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òun àti Michael Powell, olùdarí eré ará Gẹ̀ẹ́sì, jọ kọ ètò eré kan, ṣùgbọ́n kò di sinimá. Nígbà tí ó yá, ó fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn fún eré orí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí ilé iṣẹ́ Sci Fi Channel gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2004. Àdéhùn náà pè é ní olùdámọ̀ràn. Ẹnikẹ́ni kò gba ìmọ̀ràn rẹ̀. Danny Glover, aláwọ̀ dúdú, ni ó ṣe Ogion olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin funfun ni wọ́n fi ṣe Ged, funfun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará erékùṣù pẹ̀lú. Wọ́n tún dojú orúkọ dé: wọ́n sọ Ged di orúkọ òde, wọ́n sì sọ Sparrowhawk di orúkọ àṣírí.

Ní oṣù náà gan-an Le Guin kọ àpilẹ̀kọ sí ìwé ìròyìn Slate láti sọ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé òun kò lọ́wọ́ nínú ohun tí wọ́n rí. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ti àwọn òǹkàwé aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ pupa tí ó ti ń kọ lẹ́tà sí i, pé nínú gbogbo ìwé irú rẹ̀, ti Earthsea nìkan ni àwọn ti rí àyè jókòó. Ẹ ro ọmọ bẹ́ẹ̀ wò, tí ó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí ó ti pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, tí ó ń retí pé akọni tí ó jọ òun yóò jáde. Ta ni yóò sọ fún un pé àyípadà kékeré ni?

Ti ilẹ̀ Japan yàtọ̀ díẹ̀. Hayao Miyazaki, àgbà nínú eré àwòrán, ti béèrè fún ìwé náà ní àwọn ọdún 1980. Le Guin kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ó sì kọ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ó rí My Neighbor Totoro, eré tí Miyazaki ṣe ní 1988, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n Goro ọmọ Miyazaki ni ó ṣe eré náà, tí ó jáde ní ọdún 2006. Nígbà tí Le Guin wò ó, ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún Goro pé eré rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni, kì í ṣe ìwé òun. Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé kíkún: àwòrán rẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó ìwà ibi lé ẹnì kan lórí, wọ́n sì pa onítọ̀hún kí gbogbo nǹkan lè tòrò. Nínú ìwé tirẹ̀, ibi tí a ní í bá jà, inú ẹni ni ó wà.

Kí ni a rí kọ́? A rí i pé Jackson gé ẹ̀ka púpọ̀, igi náà sì yè. Àwọn ti 2004 dá ọ̀pọ̀ ewé sí, ṣùgbọ́n wọ́n fa gbòǹgbò tu. Nítorí náà kí olùfẹ́ ìwé má ṣe máa ka iye ẹ̀ka tí ó sọnù. Kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni ó gbé ìwé yìí ró, tí ó bá yẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ yóò wó? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ìbínú lásán ni yóò máa bí. Ẹni tí ó bá lè dáhùn, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ sókè, bí òǹkọ̀wé pàápàá ti sọ ọ́.

Ọ̀ràn náà kò jìnnà sí ilé wa. Ní ọdún 1938, ọdún kan péré lẹ́yìn The Hobbit, ni ilé ìtẹ̀wé CMS gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, ọdún tí Ged jáde. Wálé Ògúnyẹmí sì fi ṣe eré Láńgbòdó, tí a ṣe ní àjọ̀dún FESTAC ní Èkó ní ọdún 1977. Bí a bá pè wá wá wo ìtàn náà nínú sinimá, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò máa ka ojú mẹ́rìndínlógún Àgbákò bóyá wọ́n pé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pé bí ó bá ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n èdè tí Àkàrà-Oògùn ń sọ ni kí a tẹ́tí sí, èdè tí ó ń kó òwe àti ẹ̀rín àti ìkìlọ̀ pọ̀ nínú gbólóhùn kan. Bí ó bá wà níbẹ̀, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ òṣèré. Bí kò bá sí, kí a padà sílé, kí a sọ ìwé náà kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, kí a sì kà á sókè fún àwọn ọmọ wa.