Ọmú Ọmọ Òkété

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà níbi ìsìn ìdúpẹ́, pàápàá ní agbègbè Agége àti Ìkẹjà, níbi tí ilé ìjọsìn àti ilé iṣẹ́ ti ń fara kanra. Bí wọ́n bá ti pa á, ojú gbogbo a yí sí àwọn ọmọ, pé ó ti kàn wọ́n. Ìtumọ̀ yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Kí ló dé tó fi jẹ́ òkété ni àwọn àgbà mú? Ewúrẹ́ wà, àgùntàn wà, ajá wà ní àgbàlá, tọmọdé tàgbà ló sì ń rí ọmú wọn.

Ẹni tó bá ti gbẹ́ ihò òkété rí ti mọ ìdáhùn. Òkété kì í ṣe ọ̀lẹ. Òru ló ń jẹ̀, àpò sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì tó fi ń kó oúnjẹ lọ sílé. Ẹ̀kùrọ́ ni o, àgbàdo ni o, inú ihò ló ń kó o pamọ́ sí, ọdẹ tó bá gbẹ́ ibẹ̀ a sì bá àká rẹ̀ níbẹ̀. Ẹranko tó mọ nǹkan-án tọ́jú báyìí ni àwọn àgbà wá sọ pé ọmú ọmọ ni yóò mu lọ́jọ́ alẹ́. Mo gbà pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kì í ṣe ìnákúnàá tàbí àìrònú ló ń mú kí àgbà gbára lé ọmọ. Àká a máa tán. Bí kò tilẹ̀ tán, eyín tí a fi ń jẹ ẹ̀kùrọ́ a máa ká.

Ilẹ̀ Agége mọ ọ̀rọ̀ àká yìí dáadáa. Kí ilé iṣẹ́ tó dé, oko ni gbogbo rẹ̀. Jacob Kehinde Coker, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ kòkó tó lókìkí jù nígbà náà, ní oko ńlá ní Ìfákò. Òun kan náà wà níwájú àwọn tó kúrò ní ìjọ St. Paul's, Breadfruit, ní 1901, tí wọ́n lọ dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Ní oko rẹ̀, kòkó àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jọ ń rìn ni: àwọn lébìrà tó ti òkè wá kọ́ iṣẹ́ kòkó níbẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà àti ìgbàgbọ́ padà lọ sí ìlú wọn. Ní 1907 àwọn àgbẹ̀ yìí kóra jọ, wọ́n dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní tí owó kòkó fi já, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ráre, tí obì sì gba ipò kòkó ní Agége.

Ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ lé oko. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó ni Ìkẹjà kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962. Dunlop ń ṣe táyà, Cadbury wà ní Agídíngbí, ilé iṣẹ́ sì tò lọ rẹrẹ ní òpópónà Ọba Akran. Àwọn bàbá àti ìyá tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún lónìí ni ọ̀dọ́ tó ń wọṣẹ́ lówùúrọ̀, lọ́sàn-án, lóru nígbà yẹn. Ọkọ wà nídìí ẹ̀rọ, ìyàwó ń ta búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà lẹ́nu géètì, ìyàwó mìíràn ń kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tọkọtaya a di ọmọ ẹgbẹ́ akọrin.

Wọ́n sì tọ́jú nǹkan. Láti 1961 ni ètò owó ìfẹ̀yìntì NPF (National Provident Fund) ti ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, tí ilé iṣẹ́ ń fi tirẹ̀ kún un, tí wọ́n sì ń san án fún un lẹ́ẹ̀kan náà bó bá fẹ̀yìn tì. NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund) gba ipò rẹ̀ ní 1993. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tuntun dé ní 2004, wọ́n sì tún un ṣe ní 2014: òṣìṣẹ́ ń dá náírà 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń fi 10 kún un. Fún ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tí mò ń sọ, òfin yìí pẹ́ kó tó dé. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé SAP ní 1986, owó tí ènìyàn fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ lè má ra àpò sìmẹ́ǹtì tí yóò parí ilé rẹ̀. Nígbà tí Dunlop ṣíwọ́ táyà ṣíṣe ní Ìkẹjà, ní nǹkan bí 2008, ọ̀pọ̀ ìdílé tún rí i bí àká ṣe ń tán lójú ẹni.

Ibì kan wà tí òwe náà kò dé: kò dárúkọ ẹnì kejì òkété. Ọmọ nìkan kọ́ ló ń fún àgbà lọ́mú. Ẹ wọ ilé irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀gbà tàbí Ìfákò ní aago márùn-ún ìdájí. Màmá ló ń dá orin, nítorí pé bàbá kò lóhùn mọ́. Bàbá ló ń ka Bíbélì, nítorí pé ojú màmá ti ń ṣe bàìbàì. Bí wọ́n bá dé orí àdúrà, wọ́n á máa dárúkọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ níkọ̀ọ̀kan, eléyìí ní Ìlọrin, èyí ní Manchester, òmíràn ní Kánádà, wọn kì í sì í fo ẹni tó ti pẹ́ tí kò pè. Lẹ́yìn àdúrà ni ike oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yóò jáde, ike tó ní ojú méje fún ọjọ́ méje. Màmá kò rí lẹ́tà tó wà lára ike náà mọ́, ìka ló fi ń kà á láti ẹ̀gbẹ́ kan. "Bàbá wọn, ti àná ṣì wà níbí o." Bàbá á lajú, á ní òun ti lò ó, màmá á ṣí ike náà síwájú rẹ̀, bàbá á sì gbé omi.

Èyí ni mo kà sí ìgbàgbọ́ tó gbó dáadáa. Ìlérí tí wọ́n ṣe níwájú pẹpẹ nígbà tí ara le ni wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ báyìí, pẹ̀lú omi ife kan àti oògùn méjì.

Irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láàárín àwọn onígbàgbọ́ wa. Samuel Ajayi Crowther àti Susan, tó ń jẹ́ Asano tẹ́lẹ̀, jọ bọ́ lóko ẹrú ni. Wọ́n ṣègbéyàwó ní Sàró ní 1829, ikú ló yà wọ́n ní 1880. Ti Afala, ìyá Àjàyí, tún wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ogun já ọmọ gbà lọ́wọ́ Afala ní 1821. Ní Abẹ́òkúta, ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ni ojú wọn tún tó ríra. Ìyá náà gba ìrìbọmi ní 1848, ó di Hannah, ó sì wà láyé títí di 1883. Ẹ wò ó: Afala kò rí àyè tọ́ Àjàyí dàgbà tán, kò rán an nílé ẹ̀kọ́, síbẹ̀ ó mu nínú ọmú ọmọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ tó ń ṣírò iye tí òbí ná lórí òun kó tó mọ iye tí òun yóò fi ránṣẹ́ kò tíì gbọ́ òwe òkété yé.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wa kò fi ń fi ìdúpẹ́ ṣeré. Bí tọkọtaya bá pé àádọ́ta ọdún nínú ìgbéyàwó, wọ́n á ra ankara kan náà fún ẹbí, àwọn ọmọ òkè òkun á máa wò ó lórí fóònù, wọ́n á jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ. Bàbá á ṣí fìlà, ọmọ-ọmọ á di ọ̀pá rẹ̀ mú. Mo ti rí tọkọtaya tó sìnkú ọmọ tí wọ́n jó bẹ́ẹ̀, omijé ń bọ́ lójú wọn, ẹsẹ̀ wọn kò dúró. Ẹni tó bá sọ pé ìdúpẹ́ àwọn àgbà jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣe-kárími, kò wo ojú wọn.

Ohun kan ń dùn mí. Ọmọ wà tó ń ju owó ńlá sínú apẹ̀rẹ̀ ìkórè, tí gáàsì ìyá rẹ̀ sì ti tán láti Ọjọ́rú. Nínú Máàkù orí keje, Jésù bá àwọn Farisí wí nítorí pé wọ́n gbà kí ọmọ pe ohun tó yẹ kó fi tọ́jú bàbá àti ìyá ní Kọ́bánì, ẹ̀bùn fún Ọlọ́run, kí ó sì bọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àlùfáà wa ń wàásù ìdámẹ́wàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ìwàásù lórí Kọ́bánì kẹ́yìn.

Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí Tímótì pé kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ kọ́kọ́ san oore òbí wọn nílé. Nínú orí kan náà ló ti sọ̀rọ̀ àwọn opó tí kò lẹ́nì kan, tí ìjọ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ láti máa tọ́jú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ yẹ kó wà ní gbogbo ìjọ láti Ìyánà Ìpájà dé Ọ̀rẹ́gún, fún tọkọtaya tí kò bímọ, fún ẹni tí ẹnì kejì rẹ̀ ti kú, fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò gbé fóònù mọ́. Kí orúkọ wọn wà níbẹ̀, àti ilé wọn, àti oògùn tí wọ́n ń lò. Kí orúkọ ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àgbà kọ̀ọ̀kan, ẹni tí yóò bá ìyá arúgbó wọ rélùwéè láti Agége dé Ìkẹjà lọ́jọ́ tó bá ní dókítà rí ní ilé ìwòsàn LASUTH, tí yóò dúró tì í títí wọn yóò fi pe orúkọ rẹ̀.