Omi Mímu Nígbà Tí A Bá Ń Sáré: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn

Bí ẹgbẹ́ bá jáde sáré ìdárayá láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ mu omi, ẹ mu ún dáadáa!" Òótọ́ ni pé omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n.

Láyé àtijọ́, wọ́n gbà pé omi ń ba sárésáré jẹ́. Ní 1904, níbi ìdíje Olympics ní St. Louis, Amẹ́ríkà, oòrùn mú, eruku sọ, omi sì ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀nà. Thomas Hicks tó gba ipò kìíní bẹ̀bẹ̀ fún omi, wọn ò fún un mu. Nínú àwọn 32 tó bẹ̀rẹ̀, 14 péré ló parí. Ọmọ Áfíríkà méjì, Len Taunyane àti Jan Mashiani láti South Africa, wà lára wọn.

Nígbà tó yá, ayé yí ìmọ̀ràn padà pátápátá. Ní 1996, àwọn onímọ̀ ìṣègùn eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà ní kí sárésáré mu omi tó bá òógùn ara rẹ̀ dọ́gba, tàbí ìwọ̀n tí ikùn rẹ̀ bá lè gbà. Bẹ́ẹ̀, láti 1981 ni obìnrin kan ti dákú níbi eré Comrades ní South Africa nítorí omi àmujù. Orí kó o yọ. Ní 2002, ní Boston, ọmọbìnrin ẹni ọdún 28 kò rí bẹ́ẹ̀: ó kú. Nínú sárésáré 488 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò níbi eré náà, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn 62 ti lọ sílẹ̀ jù.

Kí ló fà á? Ẹ̀yin tí ẹ ń se ọbẹ̀ mọ̀ ọ́n: bí a bá ń bu omi sínú ìkòkò ṣáá, iyọ̀ rẹ̀ á tẹ́. Bí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ bá tẹ́, ọpọlọ á wú. Ẹni tó ń rọra sáré fún wákàtí púpọ̀, tó ń mu omi níbi gbogbo tó bá dúró, ló sún mọ́ ewu yìí jù.

Nítorí náà, bí òùngbẹ bá gbẹ yín, ẹ mu. Bí kò bá gbẹ yín, ẹ má fi tipátipá mu. Eré ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò ju kí ẹ mu díẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì mu lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti mu omi púpọ̀, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń bì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì já gaara mọ́, ẹ má bu omi fún un mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá.

Ẹ̀yin àgbà, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ga, òùngbẹ kì í tètè fi ara hàn. Ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́, ẹ má dúró dè é. Ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè ìwọ̀n tirẹ̀.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn.