Àpáta, Ibú àti Nutírínò: Ipò Ilẹ̀ Áfíríkà Nínú Ìtàn Ìwákiri Kan

Orúkọ Olúmọ kò ṣàjèjì sí ọmọ Kémta tàbí ọmọ Ẹ̀gbá èyíkéyìí. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí ọdún 1830, abẹ́ àpáta yìí ni wọ́n fi ṣe ibi ìsádi lọ́wọ́ ogun. Irú ààbò bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ físíìsì kan wá lọ sí abẹ́ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, tí àwọn mìíràn sì wá lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni ó yàtọ̀.

Nutírínò ni wọ́n ń wá. Ó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ fíìfíì, kì í sì í sábà bá ohunkóhun forí gbárí. Èyí tó ń ti inú oòrùn wá tó sì ń gba orí èékánná àtàńpàkò kan kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo tó nǹkan bí bílíọ̀nù 60. Kí a tó lè rí ọ̀kan tó kọlu nǹkan, ohun tí yóò kọlù gbọ́dọ̀ pọ̀ jaburata. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ohun tíntìntín mìíràn ń rọ̀ láti òfuurufú tọ̀sán-tòru bí òjò, wọ́n sì lè bo àmì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àpáta tó nípọn tàbí omi tó jìn ló lè dí wọn lọ́nà.

Ní 1956, Frederick Reines àti Clyde Cowan fìdí wíwà nutírínò múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ agbára átọ́ọ̀mù tí ọwọ́ ènìyàn ṣe ni tiwọn ti jáde. Èyí tó jẹ́ àdáyébá ni Reines bá lọ sí ibi ìwakùsà góòlù East Rand, nítòsí Boksburg, pẹ̀lú Friedel Sellschop ti Yunifásítì Witwatersrand. Ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn sí ju kìlómítà 3 lọ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejì, ọdún 1965, ẹ̀rọ náà mú àmì nutírínò kan. Ikọ̀ mìíràn tó wà ní ibi ìwakùsà Kolar ní Íńdíà rí tiwọn ní ọdún kan náà, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde; nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ipò kìíní dá Áfíríkà lọ́lá gbọ́dọ̀ rọra sọ ọ́.

Ohun tó kọminú jù nìyí. Àgbára àwọn awakùsà aláwọ̀ dúdú, lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ni irú ibi ìwakùsà bẹ́ẹ̀ gbára lé. Reines gba ẹ̀bùn Nobel ní 1995 nítorí iṣẹ́ ti 1956. Orúkọ àwọn tó gbẹ́ ọ̀nà dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kò di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní ìtàn yìí láìmẹ́nu kàn wọ́n, ààbọ̀ rẹ̀ ló sọ.

Moisey Markov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti dámọ̀ràn ní 1960 pé kí a lo omi adágún tàbí òkun. Bí nutírínò bá kọlu nǹkan nínú omi, ohun tíntìntín kan tí à ń pè ní múọ́ọ̀nù lè jáde. Eré rẹ̀ ju ti ìmọ́lẹ̀ nínú omi lọ, ó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù sílẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi ti ń fi ìgbì sílẹ̀ lẹ́yìn. Òkun kò gba ìgbékalẹ̀ yìí wọ́ọ́rọ́wọ́. Omi jò wọ inú ẹ̀rọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà rì sí ibú Hawaii ní 1993, wọ́n sì pa iṣẹ́ náà tì ní 1995. Àwọn ẹ̀dá inú ibú pàápàá ń tan iná bíi tanátaná, wọ́n a sì máa da ẹ̀rọ láàmú. Inú yìnyín ìpẹ̀kun ayé níhà gúúsù ni ẹ̀rí nutírínò alágbára ńlá tó wá láti ẹ̀yìn agboolé oòrùn wa ti kọ́kọ́ jáde, ní 2013.

Òkun Mẹditaréníà ni ọ̀rọ̀ tún padà sí. Níbẹ̀, nítòsí erékùṣù Sicily, ní ìjìnlẹ̀ mítà 3,450, ni ikọ̀ KM3NeT so àwọn bọ́ọ̀lù dígí mọ́ okùn gígùn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ojú 31. Àwọn yunifásítì láti Mòrókò àti Gúúsù Áfíríkà wà lára ikọ̀ náà. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 2023, múọ́ọ̀nù kan la omi náà já, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja. Nutírínò tó bí i ní agbára tó nǹkan bí ìlọ́po 30 ti èyí tó lágbára jù lọ tí wọ́n ti rí ṣáájú. Ní oṣù Kejì, ọdún 2025, ni wọ́n kéde rẹ̀, láìmọ ibi tó ti wá. Nígbà tó kọjá, okùn 21 péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú 230 tí wọ́n pinnu láti rì síbẹ̀.