Ọjọ́ Tí HMMER Wọ Kọ̀ǹpútà Àbúrò Mi

Aago tí kọ̀ǹpútà kọ sára fáìlì kọ̀ọ̀kan ni mo fi to ọjọ́ náà padà. Ìyókù, ẹnu àbúrò mi obìnrin, tó ń kàwé gboyè kejì n'Íbàdàn, ni mo ti gbọ́ ọ.

8:10 àárọ̀. Iná wà. Ó so íntánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo Ubuntu, ó sì gba HMMER 3.4 sílẹ̀. Sean Eddy àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, láti máa fi wá purotéènì tó bá ara wọn tan, kódà bí wọ́n bá ti yàtọ̀ síra gan-an. Ọ̀fẹ́ ni. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á tàbí tún un ṣe.

8:25. Ó tú fáìlì náà, ó tẹ ./configure. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí kọ̀mpáílà C. Ó pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kúkú lo Bioconda ni?” Bioconda ìbá fi ìlà kan ṣoṣo parí iṣẹ́ náà, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí bí kóòdù ṣe ń di ohun èlò. Ó fi build-essential, àpò tó ní kọ̀mpáílà C nínú, sí i.

9:40. make, àṣẹ tó ń sọ kóòdù náà di ohun èlò.

10:05. make check. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fo ibí yìí, ó sì ń dùn mí. Ìdánwò tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ náà ń ṣe fún ara rẹ̀ níbẹ̀, láti rí i pé ìṣirò rẹ̀ pé lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ gan-an. Èsì tó o máa gbé síwájú olùkọ́ rẹ, orí ìṣirò yẹn ló dúró lé.

11:20. Iná lọ.

3:15 ọ̀sán. Iná dé. make install, sínú fódà tirẹ̀.

3:30. Àpẹẹrẹ tó bá HMMER wá ni globins4.sto: purotéènì mẹ́rin tí wọ́n tò síra wọn, ti èèyàn méjì, ti àbùùbùtán kan, ti ẹja lamprey kan. Ọ̀kan nínú ti èèyàn ni HBB_HUMAN, apá kan hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ wa. Lẹ́tà 146 ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún amino acid kan, VHLTPE ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà kẹfà, E yẹn. Bó bá di V, hemoglobin S nìyẹn. Ẹni tó gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ni SS, tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Gbogbo ìbéèrè “kí ni jẹ́nótáìpù rẹ?” tí à ń bi àfẹ́sọ́nà, lẹ́tà kan yìí ló fà á. Àbúrò mi pẹ́ níbẹ̀, mo mọ ìdí: AS ni òun náà, S kan ló gbà.

4:20. hmmbuild sọ purotéènì mẹ́rin náà di àwòṣe kan ní ìṣẹ́jú àáyá. hmmsearch fi àwòṣe ọ̀hún wá ìbátan wọn, ó sì kọ E-value sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: iye irú èsì bẹ́ẹ̀ tí èèṣì lásán lè mú wá. Bó ṣe kéré tó la ṣe lè gbà á gbọ́ tó.

5:00. Pfam-A ló kù, àkójọ àwòṣe ìdílé purotéènì tó lé ní 20,000. Ó tóbi ju HMMER fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì, òun ló sì jẹ dátà jù.

9:10 alẹ́. Ó wọlé tán. hmmpress ṣètò rẹ̀ sí fáìlì mẹ́rin. Ó fi HBB_HUMAN dán hmmscan, tó ń fi purotéènì wé àwọn àwòṣe inú àkójọ náà, wò. Globin ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ló fi purotéènì ẹ̀wà, iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀, sí i.