Nọ́ọ̀sì àti Ìyànjẹ Lẹ́nu Iṣẹ́

Bí ọ̀gá bá ń fi iṣẹ́ òru ni nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lára, tí ó sì ń du ú ní ìsinmi tí ó tọ́ sí i, kí ni kí ó ṣe? Ìbéèrè yìí kan gbogbo wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti agbègbè Ìgbómìnà Ọ̀ṣun, nítorí nọ́ọ̀sì tí àárẹ̀ mú lè ṣi oògùn fún aláìsàn.

Kí ó kọ́kọ́ kọ ọjọ́, wákàtí àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rọ́sítà àti ìwé kúẹ́rì. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ̀wé sí ẹ̀ka tí ń bójú tó òṣìṣẹ́, kí ìwé náà gba ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kọjá, ìbáà jẹ́ ọ̀gá náà ni ó fi sùn. Nínú iṣẹ́ ọba, ìwé ẹ̀sùn kì í fo ọ̀gá. Bí wọ́n bá dá a dúró, ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí pé àwọn gbà ni yóò jẹ́rìí.

Bí èsì kò bá wá, kí ó tọ NANNM lọ, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ yìí da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Àjẹmọ́nú iṣẹ́ òru wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Bí ìlàjà bá já sí pàbó, Àtúnṣe Kẹta sí Òfin Orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2010, fi ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ sí ìkáwọ́ Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè.

A rọ ẹ̀yin òbí àti alàgbà: ẹ má ṣe máa sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣáà gba kámú. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.