Aláya Púpọ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Ìjọ: Àríyànjiyàn Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Ìlobì, ní ilẹ̀ Yewa, wà lára àwọn ìlú tí àwọn òpìtàn máa ń dárúkọ pẹ̀lú Kétu bí wọ́n bá ń wádìí orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìbọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá ni ìdí pàtàkì eré náà: ọkùnrin ni í gbé e, ṣùgbọ́n nítorí obìnrin ni ó fi ń jó. Ilẹ̀ tí ó ń bu ọlá fún ìyá báyìí náà ni ilẹ̀ tí ọkùnrin kan ti lè ní ìyàwó méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú agbo ilé kan. Nígbà tí ìhìnrere dé, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó bá. Ìbéèrè tí ó le sì dìde: kí ni kí ìjọ ṣe sí ọkùnrin aláya mẹ́ta tí ó gba Jésù gbọ́, tí ó sì fẹ́ ṣe ìrìbọmi? Kí ni kí ó ṣe sí àwọn aya náà?

Bí àwọn onígbàgbọ́ bá ń jiyàn lóde òní nípa ẹni tí ó yẹ kí ìjọ gbà mọ́ra, àti bóyá ẹ̀kọ́ ìjọ lè yí padà bí ayé ti ń yí, àwọn kan a máa rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni, pé ayé òde òní ni ó gbé e dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ aláya púpọ̀ ti dá irú àríyànjiyàn yìí sílẹ̀ nínú ìjọ ilẹ̀ Yorùbá láti ayé Samuel Ajayi Crowther. Ẹ̀kọ́ kan sì hàn gbangba nínú ìtàn náà: àwọn ọkùnrin ni ó ń jiyàn lórí òfin, àwọn obìnrin ni ó ń san gbèsè rẹ̀.

Òfin Àwọn Ajíhìnrere

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Henry Townsend ti ẹgbẹ́ CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá ọdún náà. Abẹ́òkúta ni àwọn méjèèjì ń lọ. Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa ní ọdún 1995, ni ó wà láàárín etíkun àti Abẹ́òkúta.

Òfin tí ẹgbẹ́ CMS fi lélẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọkùnrin tí ó ní ju aya kan lọ kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi, àfi bí ó bá mú ọ̀kan ṣoṣo, tí ó sì jọ̀wọ́ àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n a lè ṣe ìrìbọmi fún aya irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, nítorí pé a kò kà á sí ẹni tí ó ní agbára láti yí ipò rẹ̀ padà.

Ó rọrùn láti kọ irú òfin yìí sínú ìwé. Nínú agbo ilé, ó di nǹkan mìíràn. Ìyàwó kejì tàbí ìkẹta kì í ṣe àlejò. Wọ́n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, wọ́n san ohun ìdáàná, ẹbí méjèèjì sì di àna ara wọn. Bí ọkọ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ilé ta ni yóò lọ? Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́, tí àṣà sọ pé ti bàbá wọn ni wọ́n? Ojú wo ni ìlú yóò fi wo obìnrin tí kò ṣẹ̀, tí ọkọ lé jáde kí òun lè di ọmọ ìjọ? Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwọn kan láàárín àwọn òyìnbó náà rí ìṣòro yìí. Ní ọdún 1855, John William Colenso, bíṣọ́ọ̀bù Natal ní Gúúsù Áfíríkà, kọ̀wé pé kò tọ́ kí a fi ipá mú ọkùnrin kí ó kọ àwọn aya tí ó ti fẹ́ kí ó tó gbàgbọ́. Àlàyé rẹ̀ yé ènìyàn: Jésù tìkára rẹ̀ kò fẹ́ kí ọkùnrin máa kọ aya rẹ̀ sílẹ̀. Báwo wá ni ìjọ yóò ṣe sọ ìkọ̀sílẹ̀ di ẹnu ọ̀nà ìgbàlà?

Ìpàdé Ọdún 1888

Ohùn Colenso kò borí. Ní ọdún 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà láti káàkiri ayé pàdé ní Lambeth ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Wọ́n dìbò pé kí a má ṣe ìrìbọmi fún aláya púpọ̀, kí a kàn máa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ títí yóò fi lè pa òfin Kírísítì mọ́. Ènìyàn 83 fara mọ́ ọn, 21 kọ̀ ọ́. Lórí pé a lè ṣe ìrìbọmi fún àwọn aya wọn, ìbò náà jẹ́ 54 sí 34.

Crowther wà níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn tí kò fẹ́ kí a gba aláya púpọ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ronú lórí èyí. Crowther kì í ṣe òyìnbó, kì í sì í ṣe ẹni tí ó kórìíra èdè àti àwọn ènìyàn rẹ̀. James Johnson, àlùfáà ìjọ St. Paul's ní Breadfruit ní ìlú Èkó, náà kò gba aláya púpọ̀ láàyè, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí ó jà jù ú lọ pé kí adúláwọ̀ máa ṣàkóso ìjọ ara wọn. Lójú àwọn wọ̀nyí, ìgbéyàwó alọ́kọ-kan-aláya-kan jẹ́ ààbò fún obìnrin. A kò lè sọ pé irọ́ gbáà ni. Ẹni tí ó mọ ìjà orogún mọ̀ pé ilé aláya púpọ̀ kì í ṣe ilé ayọ̀ ní gbogbo ìgbà. Òfin ìgbéyàwó tí ìjọba Èkó ṣe ní ọdún 1884 sì fún aya tí ó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tí òfin mọ̀ sí ogún ọkọ rẹ̀.

Àwọn Ìjọ Adúláwọ̀

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1891, wọ́n dá ìjọ United Native African, tí a mọ̀ sí UNA, sílẹ̀ ní Èkó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Breadfruit jáde nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell mú Johnson kúrò níbẹ̀. Láti ara wọn ni ìjọ African Church ti jáde. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ.

Ohun pàtàkì tí ó lé wọn jáde ni ọ̀rọ̀ àṣẹ: ta ni yóò máa darí ìjọ adúláwọ̀? Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó fi dé. Àwọn ìjọ tuntun náà ṣílẹ̀kùn fún aláya púpọ̀ láàárín ọmọ ìjọ. Wọ́n ní Ábúráhámù àti Jákọ́bù ní ju aya kan lọ, Ọlọ́run kò sì kọ̀ wọ́n. Ní ọdún 1917, ọ̀rọ̀ yìí kan náà fa ìyapa nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó, United African Methodist Church, tí a mọ̀ sí Ẹlẹ́ja, sì bẹ̀rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ yìí kò dúró sí Èkó. Jacob Kẹ́hìndé Coker, aṣáájú African Church, jẹ́ àgbẹ̀ kòkó ní Agége. Àwọn òṣìṣẹ́ wá láti oríṣiríṣi ìlú sí àwọn oko Agége. Bí wọ́n ti ń kó ìmọ̀ kòkó lọ sílé ni wọ́n ń kó ẹ̀kọ́ ìjọ náà lọ. Lẹ́yìn náà, Samuel Bilehou Oschoffa bẹ̀rẹ̀ Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run Wá ní Pọ́tọ̀-Nófò ní ọdún 1947. Ìjọ yìí náà kò ti aláya púpọ̀ síta. Ìmẹ̀kọ, ní ẹnubodè Yewa, ni a sin Oschoffa sí nígbà tí ó kú ní ọdún 1985.

Àwọn ìjọ wọ̀nyí gba ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́wọ́ ìtìjú àti ìnira. Síbẹ̀ wọn kò yanjú gbogbo ọ̀rọ̀. Ọkùnrin wọlé pẹ̀lú gbogbo aya rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó bi ìyáálé léèrè bóyá ó fẹ́ kí a mú ìyàwó mìíràn wá bá òun?

Lẹ́yìn Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Ní ọdún 1988, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tún ṣe ìpàdé Lambeth, wọ́n sì yí ìpinnu ọdún 1888 padà. Wọ́n ní aláya púpọ̀ tí ó bá gbàgbọ́ lè ṣe ìrìbọmi pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n gbàgbọ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní fẹ́ aya mìíràn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí èyíkéyìí nínú àwọn tí ó ní bá wà láàyè. Ìjọ àdúgbò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé a kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú un lé aya kankan jáde, nítorí ìyà tí yóò jẹ obìnrin náà láwùjọ.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà kò sọ pé ìkóbìnrinjọ dára. Aláya kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì dì mú gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ Ọlọ́run. Ohun tí ó yí padà ni pé wọ́n kọjú sí obìnrin tí òfin ń lé síta, wọ́n sì kọ ìyà rẹ̀ sínú ìpinnu wọn.

Ní ọdún 1989, ọdún kan péré lẹ́yìn ìpàdé náà, àwọn obìnrin onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn kóra jọ ní Ghana lábẹ́ ìdarí Mercy Amba Oduyoye, ọmọ ilẹ̀ Ghana tí ó ti kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Oduyoye kò dá àṣà nìkan lẹ́bi, kò sì dá ìjọ nìkan lẹ́bi. Ó ní kí a yẹ àwọn méjèèjì wò, kí obìnrin sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìtàn yìí wà fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ bá tún jókòó láti pinnu ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí yóò dúró síta, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tí òfin náà yóò dùn jù, kí wọ́n sì pe ẹni náà wá kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà.