Abẹ́rẹ́ Àjẹsára fún Àrùn Ìbálòpọ̀ àti Àwọn Tó Ń Yọ̀ǹda Ara Wọn fún Ìdánwò Rẹ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó kan àwọn ọmọ Festac, Satellite Town, Kírìkírì àti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Nípa ìbálòpọ̀ ni kòkòrò HPV ti ń ràn, òun ló sì ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, tó pa nǹkan bí 8,000 obìnrin ní Nàìjíríà lọ́dún 2020. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ náà. Kí ó tó dájú pé ẹ̀ẹ̀kan tó, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan ti kọ́kọ́ na apá wọn sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà.

KEN SHE ni orúkọ ìdánwò tiwọn. Àwọn 2,275, láti ẹni ọdún 15 dé 20, ló yọ̀ǹda ara wọn ní Kisumu, Thika àti Nairobi. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ HPV. Àwọn kan gba ti àrùn yírùnyírùn, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó pé oṣù 18, abẹ́rẹ́ HPV kan ṣoṣo ti dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ irú HPV méjì tó léwu jù, dé ìwọ̀n 97.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èsì náà jáde lọ́dún 2022, ọdún yẹn kan náà sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé ẹ̀ẹ̀kan lè tó fún àwọn ọmọbìnrin.

Irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ ti pẹ́. Lọ́dún 1978, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Wolf Szmuness bẹ̀rẹ̀ ìdánwò abẹ́rẹ́ àrùn mẹ́dọ̀wú irú B ní New York, pẹ̀lú ọkùnrin 1,083 tí wọ́n ń bá ọkùnrin lò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ni àrùn náà ń bá ràn. Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́, àwọn ìkókó Èkó sì ń gba abẹ́rẹ́ àrùn yẹn lónìí.

Èkó náà ti kópa. Láti ọdún 2004, wọ́n dán jẹ́ẹ̀lì méjì wò, bóyá obìnrin lè fi dènà HIV. Jẹ́ẹ̀lì kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni olùyọ̀ǹda ń gbà wọlé. Obìnrin 2,153 ló lo SAVVY tàbí jẹ́ẹ̀lì tí kò ní oògùn nínú, ní Èkó àti Ìbàdàn. Obìnrin 1,644 ló wà nínú ti Ushercell, jẹ́ẹ̀lì kejì, ní Èkó àti Port Harcourt. Àwọn tí ewu HIV sún mọ́, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé wọn ò tíì kó o, ni wọ́n gbà. Wọ́n fún gbogbo wọn ní kọ́ńdọ̀mù àti ìmọ̀ràn. Jẹ́ẹ̀lì tí kò ní oògùn nínú ni àwọn kan ń lò, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń lò, àní nọ́ọ̀sì pàápàá.

Lọ́dún 2006, wọ́n dá SAVVY dúró: àwọn tó kó HIV kéré sí iye tí wọ́n ti fojú bù, ìdánwò náà kò sì lè fi ìyàtọ̀ kankan hàn mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, Ushercell náà dúró, nítorí pé ìdánwò míì tí Orílẹ̀-èdè Benin wà nínú rẹ̀ mú ìbẹ̀rù wá pé jẹ́ẹ̀lì náà lè mú ewu HIV pọ̀ sí i. Ti Nàìjíríà kò fi irú ewu bẹ́ẹ̀ hàn, kò sì fi àǹfààní kankan hàn. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ṣe. Bí kì í bá ṣe tiwọn, ẹnìkan lè máa ta àwọn jẹ́ẹ̀lì yẹn lónìí fún àwọn tó gbà pé ó ń dáàbò bò wọ́n.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára HIV fúnra rẹ̀ kò tíì kẹ́sẹ járí. Èèyàn 16,402 ló yọ̀ǹda ara wọn ní Thailand; èsì ọdún 2009 fi ààbò bí 31 nínú ọgọ́rùn-ún hàn. Gúúsù Áfíríkà gbìyànjú irú rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 5,400, wọ́n sì dá a dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 nítorí kò ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń kó àyà àwọn èèyàn sókè jù ni pé abẹ́rẹ́ náà lè kó HIV sí wọn lára. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí odindi kòkòrò HIV nínú rẹ̀. Ewu kan wà tí àwọn èèyàn kì í sábà rò: ara lè ṣe èròjà agbógun-tàrùn tí àyẹ̀wò lásán yóò kà sí HIV, bẹ́ẹ̀ ẹni náà ò ní in. L'Ékòó, níbi tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti ń béèrè èsì HIV kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn lè tú ìgbéyàwó ká. Ó di dandan kí àwọn tó ń ṣe ìdánwò ṣe àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ fún olùyọ̀ǹda, àní lẹ́yìn tí ìdánwò bá ti parí.

Àwọn ará Nàìjíríà nídìí láti fura sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1996, nígbà tí yírùnyírùn ń jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò nínú ìdánwò tó kó ọmọ 200 mọ́ra. Àwọn òbí kan sọ pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Lọ́dún 2009, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kánò. Lónìí, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn, àti ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìdánwò oògùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ sì lè jáwọ́ nígbàkigbà, láìsọ ìdí, láìpàdánù ìtọ́jú.

Ará Festac tí wọ́n bá pè sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ àlàyé ní èdè tó yé e, kó sì mú ìwé náà relé láti bá ẹbí rẹ̀ jíròrò. Ó yẹ kó béèrè ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ bí ó bá ṣàìsàn, ìgbà tí wọ́n máa sọ èsì fún un, àti bóyá àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ gidi máa rí i gbà bí ó bá ṣiṣẹ́. Ní Kẹ́ńyà, àwọn tó gba ti yírùnyírùn rí ti HPV gbà nígbẹ̀yìn.